Ìrántí aya àti ìyá tó fọkàn sin Ọlọ́run nínú Ìjọ Kátólíìkì: kí la ó kọ, kí la ó fi sílẹ̀?

Akọ̀wé-Ìdílé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ìrántí ìyá kan tó ti lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni mo gbé wá. Ó jẹ́ aya, ó bí ọmọ márùn-ún, Mísà àárọ̀ kì í fò ó, ìlẹ̀kẹ̀ Rosárì kì í jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni ìdílé ń fẹ́: ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, káàdì ìrántí, àti ìwé pélébé fún ètò Mísà. Ohun tí wọ́n ti kọ báyìí kún ojú ewé mẹ́rin: "ìyá rere, aláàánú, onífẹ̀ẹ́, olùfọkànsìn, ìyá gbogbo ayé." Bí ẹ bá yọ orúkọ kúrò, ìyá ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́. Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n ń kà á? Kí sì ni Fadá lè kọ̀?

Olùdarí-Ìsìn:
Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àyè tí ọ̀rọ̀ náà ní nínú Mísà. Ìlànà gbogbogbòò ti Ìwé Mísà Róòmù, nọ́ńbà 382, ní kí ìwàásù ṣókí wà ní Mísà ìsìnkú, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn òkú lọ́nàkọnà. Torí náà ẹ má retí pé Fadá máa fi ìwàásù ka ìtàn ìgbésí ayé màmá. Kì í ṣe pé ó le mọ́ yín. Ikú àti àjíǹde Kristi ló gbọ́dọ̀ wàásù lé lórí.

Àyè tiyín ń bọ̀ lẹ́yìn àdúrà tó tẹ̀ lé Kọmúníọ̀, kí ètò ìdágbére tó bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú gbà kí ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ kan sọ̀rọ̀ ìrántí. Ẹnì kan ni o. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí ọmọ mẹ́ta tò lé ara wọn, kí àna sì tẹ̀ lé wọn. Ọmọ pẹpẹ ti gbé àwo tùràrí dání, ẹ̀yín iná inú rẹ̀ ń kú lọ, Fadá ń wo aago, ìjọ ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ gígùn, orin, àti ẹ̀rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àìsùn ìdágbére ni kí ẹ gbé wọn lọ tàbí ẹ̀yìn ìsìnkú. Ibẹ̀ ló gbà wọ́n.

Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà ńlá, ìwọ̀n 16 ó kéré tán, ojú kan ìwé nìkan, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kejì sọ́wọ́ ẹlòmíì tó jókòó níwájú. Bí ẹkún bá gba ẹni tó ń kà á, ẹni yẹn á dìde, á parí rẹ̀. Ká lọ wá ìwé nínú àpò lásìkò yẹn ò dáa.

Ìwé-Ìrìbọmi:
Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ wá déètì. Ìrántí tó ní déètì tó péye máa ń dúró. Èyí tí kò ní í á di àròsọ láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé: kánónù 535 nínú òfin Ìjọ ní kí wọ́n máa kọ ìfẹsẹ̀múlẹ̀ (kọnfamáṣọ̀n) àti ìgbéyàwó ẹni sí ìwé ìrìbọmi rẹ̀. Nítorí náà, páríìṣì (ìjọ àdúgbò) tí màmá ti ṣe ìrìbọmi ni kí ẹ lọ, kì í ṣe èyí tó ń lọ kẹ́yìn. Ojú ìwé kan ṣoṣo lè fún yín ní ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, orúkọ àwọn tó ṣe òbí fún un níbi ìrìbọmi, kí ẹ sì rí ìfẹsẹ̀múlẹ̀ àti ìgbéyàwó ní ẹ̀gbẹ́ ìwé, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí akọ̀wé míì fi yíǹkì míì kọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ má lo ìwé ẹ̀rí àtijọ́ tó wà nínú àpótí rẹ̀. Ìgbà tó wà lọ́mọdé ni wọ́n kọ ọ́, kò lè ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ fún akọ̀wé páríìṣì pé ẹ̀dà tuntun lẹ fẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ìgbéyàwó ò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé páríìṣì tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ kò fi ìròyìn ránṣẹ́. Ẹ lọ wo ìwé ìgbéyàwó tiwọn.

Ẹ tún kíyè sí orúkọ. Orúkọ ìrìbọmi, orúkọ ìfẹsẹ̀múlẹ̀, orúkọ bàbá tó bí i, àti orúkọ ọkọ: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kó wà níbì kan nínú ìwé pélébé yẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà ọmọge kì í mọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Bí ọjọ́ ìbí inú ìwé ìrìbọmi bá yàtọ̀ sí ti ìwé ìjọba, ẹ jókòó, ẹ mú ọ̀kan, kí ó jẹ́ ọ̀kan náà lórí káàdì, lórí ìwé Mísà àti lórí òkúta. Ẹ kọ ìdí tí ẹ fi mú un sílẹ̀ sínú ìwé ìdílé, torí àwọn ọmọ-ọmọ máa bèèrè.

Olóòtú-Ìwé:
Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Ojú ewé mẹ́rin yẹn, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló pa á. Ẹ mú bírò pupa, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo "onífẹ̀ẹ́", "aláàánú", "olùfọkànsìn". Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé: kí ló ṣe tí a fi mọ̀? Bí ìdáhùn bá wà, ìdáhùn ni kí ẹ kọ, kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá sí, ẹ yọ ọ́ náà.

Ẹ wo èyí: "Màmá jẹ́ olùfọkànsìn tó fẹ́ràn Rosárì púpọ̀." Ìjọ á mi orí, wọ́n á sì gbàgbé.

Ẹ wá wo èyí: "Lálẹ́, bí àwo bá ti kúrò nílẹ̀, Màmá á jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, á bẹ̀rẹ̀ Rosárì láìpe ẹnikẹ́ni. Kó tó dé Ohun Ìjìnlẹ̀ kejì, ìyẹn apá kejì àdúrà náà, gbogbo ilé á ti kúnlẹ̀. Ọmọ tó bá ń tòògbé, á na ọwọ́, á fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀ ẹ́ léjìká, ohùn rẹ̀ ò sì ní dúró." Kò sí "olùfọkànsìn" kankan níbẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mẹ́ta péré ti tó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọ̀kan nípa àdúrà rẹ̀, ọ̀kan nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tàbí bó ṣe ń náwó, ọ̀kan nípa ọkọ rẹ̀. Màá padà sórí ti ọkọ yẹn.

Ọmọ-Ìyá-Rere:
Ẹ má bínú o. Olóore ni òkú, ẹ̀yin wá ń fi bírò pupa fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ ya! Kí ló burú nínú ká kọ ọ́ pé Màmá ti wà lọ́run báyìí, pé ó ń bá àwọn áńgẹ́lì jó? Ẹni tó lọ Mísà lójoojúmọ́!

Kátíkíìsì-Àgbà:
Àbúrò, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má yìn ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọ ọ́ pé ó ti dé ọ̀run, ta ló tún máa gbàdúrà fún un? Ẹ̀kọ́ Ìjọ ni pé àdúrà wa ń ran àwọn tó wà ní pọ́gátórì, níbi tí ọkàn ti ń wẹ̀ mọ́ kó tó dé ọ̀run, lọ́wọ́. Ìjọ nìkan ló ń kéde ẹni mímọ́, lẹ́yìn ìwádìí gígùn. Àwa ń gbẹ́kẹ̀ lé àánú Ọlọ́run. Ẹ kọ "a gbà á gbọ́, a sì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tẹ́wọ́ gbà á", ó ti dáa.

Ẹ wo bí ọmọ kan ti ṣe ìrántí ìyá tirẹ̀, tó sì di àwòkọ́ṣe. Mónìkà Mímọ́ kú ní Ostia, ibùdókọ̀ ojú omi ìlú Róòmù, lọ́dún 387, nínú ọdún kẹrìndínlọ́gọ́ta ọjọ́ ayé rẹ̀. Augustine Mímọ́ ọmọ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ nínú apá kẹsàn-án ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ìyá yìí ti pèsè ibojì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí àìsàn dé, ọmọ rẹ̀ kejì ń fẹ́ kó kú sílé. Mónìkà ní kí wọ́n sin ara òun síbikíbi, kó má ṣe dààmú wọn. Ohun kan ṣoṣo tí òun ń bẹ̀ wọ́n fún ni kí wọ́n máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa, níbikíbi tí wọ́n bá wà.

Augustine ò fi ìyá rẹ̀ ṣe ère. Ó kọ ọ́ pé nígbà tí Mónìkà wà lọ́mọdébìnrin, tí wọ́n bá rán an nídìí àgbá wáìnì, á máa tọ́ díẹ̀ wò, díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ife kíkún, títí ìránṣẹ́bìnrin kan fi pè é ní ọ̀mùtí lójú. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kó jáwọ́. Ta ni nínú wa ló máa kọ irú èyí sínú ìwé ìsìnkú? Síbẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá, ìyá náà ṣì wà láàyè lójú ẹni tó bá kà á. Nígbà tí Augustine fẹ́ parí, ó ní òun gbé iṣẹ́ rere ìyá òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lòun ń bẹ̀ báyìí. Ó wá dárúkọ òbí rẹ̀ méjèèjì, Mónìkà àti Patricius, ó ní kí ẹni tó bá ka ìwé náà rántí wọn níbi pẹpẹ.

Ọmọ-Ìyá-Rere:
Ó yé mi, Bàbá. Mo gbà pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ìyá ẹni, ṣé ìta gbangba ló yẹ ká kó o sí?

Olóòtú-Ìwé:
Rárá o. Ìwà tó lè mú kí ìjọ rẹ́rìn-ín músẹ́ là ń sọ, kì í ṣe àṣírí. Bó ṣe máa ń sáré jáde nílé tí yóò gbàgbé gíláàsì ojú rẹ̀, tí á wá fi ìwé orin sún mọ́ imú: ẹ kọ ọ́. Ìjà òun àti àna rẹ̀: ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ ọkọ. Àwọn ọmọ ló sábà máa ń kọ ìrántí, ojú ọmọ ni wọ́n sì fi ń wò ó. "Màmá wa" láti òkè délẹ̀. Ọkọ á jókòó síwájú, á gbọ́ ìtàn obìnrin kan tí òun ò fẹ́. Ó ti jẹ́ aya kó tó jẹ́ ìyá, sákírámẹ́ǹtì sì ni ìgbéyàwó. Ẹ bi bàbá ní ìbéèrè mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó dáhùn ní ìjókòó, kí ẹnì kan máa kọ ọ́: kí lẹ máa ń gbàdúrà fún pọ̀? Kí lẹ máa ń jà lé lórí, ta ló sì máa ń kọ́kọ́ bẹ̀? Kí ló sọ tí ẹ ò gbàgbé? Ẹ má fipá mú un sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Ẹ fi gbólóhùn rẹ̀ kan sínú ọ̀rọ̀ tí ọmọ máa kà.

Ẹni tó bá rò pé ìgbésí ayé aya nílé kéré jù láti kọ, kó wo Zélie Martin ní ìlú Alençon lórílẹ̀-èdè Faransé. Ó ń ṣòwò aṣọ léèsì, ó bí ọmọ mẹ́sàn-án, mẹ́rin kú ní kékeré, obìnrin márùn-ún tó kù ló di ajẹ́jẹ̀ẹ́ (sísítà), Teresa Mímọ́ ti Lisieux sì ni àbíkẹ́yìn wọn. Jẹjẹrẹ ọmú pa á ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1877, ó jẹ́ ẹni ọdún 45. Lẹ́tà rẹ̀ tó ju 200 lọ ló ṣẹ́ kù. Àárẹ̀ wà níbẹ̀, àníyàn iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìfẹ́ ọkọ wà níbẹ̀. Òun àti Louis ọkọ rẹ̀ jọ di ẹni mímọ́ lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2015. Nítorí náà, ẹ wá lẹ́tà màmá yín, ẹ wá àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹnì kan má baà nù ún dànù.

Olùtọ́jú-Ohun-Mímọ́:
Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ dárúkọ ìwé. Ìwé Mísà rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí tó dára jù. Ẹ ṣí i pẹ̀lẹ́. Igun ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó bá dúdú, tó sì rọ̀ bí aṣọ, ibẹ̀ ni àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń dé. Bí ó bá jẹ́ àdúrà lẹ́yìn Kọmúníọ̀ tàbí lítánì kan ni, ẹ ti mọ ohun tó máa ń gbà, àdúrà tó sì yẹ kó wà lẹ́yìn káàdì ìrántí nìyẹn.

Àwọn káàdì òkú tó fi há inú ìwé náà ńkọ́? Ẹ má yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó wà láàárín rẹ̀, kọ nọ́ńbà ojú ewé, lẹ́yìn náà ni kí o tó fọwọ́ kàn án. Orúkọ àwọn òkú tí màmá ń gbàdúrà fún ni yẹn. Ẹnì kan nínú ìdílé ló yẹ kó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Má fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú ìwé tó ya; á pọ́n, á sì jẹ ìwé náà.

Rosárì: ìlẹ̀kẹ̀ 59 ló wà lára ti gbogbo ènìyàn, 53 fún Mo kí ọ Màríà, 6 fún Bàbá wa. Kà á. Ibi tó máa ń já jù ni òrùka tín-ín-rín tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ mẹ́dà àárín. Bí màmá bá ti fi òwú so ó, ẹ má tún un ṣe; òwú yẹn ni ọwọ́ rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí èyí tó lò jù kù sílé, kí ẹ fi òmíràn sí i lọ́wọ́ nínú pósí, ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá ti sọ ohun tó fẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí wọ́n ti súre sí tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tó mọ́. Ẹ má jù ú sí ààtàn.

Olùdarí-Ìsìn:
Ní ti ìwé ètò Mísà. Àwọn ìkàwé tó wọ́pọ̀ láti inú Májẹ̀mú Láéláé ni Ìwé Ọgbọ́n 3:1-9, Mákábì Kejì 12:43-46, Jóòbù 19, àti Àìsáyà 25. Ọ̀pọ̀ Bíbélì kò ní Ọgbọ́n àti Mákábì, ẹni tó máa kàwé á sì máa ṣí i kiri láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ìkàwé náà jáde fún un ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ní àsìkò Àjíǹde, inú Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n ti ń mú ìkàwé kìíní. Ní ìgbà Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ẹ má tẹ "Alelúyà" sínú ìwé. Òwe 31, "obìnrin oníwà rere", ni gbogbo ìdílé máa ń fẹ́. Ẹ bi Fadá kí ẹ tó gbé e lọ fún atẹ̀wé.

Ní ti déètì: Mísà ìsìnkú kì í wáyé ní àjọ̀dún ńlá tó jẹ́ ọjọ́ ọ̀ranyàn (ọjọ́ tí gbogbo ọmọ Ìjọ gbọ́dọ̀ lọ Mísà), Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ọjọ́ mẹ́ta Ìrékọjá, àti Ọjọ́ Ìsinmi ti Ádífẹ́ǹtì (àsìkò ìmúrasílẹ̀ fún Kérésìmesì), ti Lẹ́ńtì, àti ti àsìkò Àjíǹde. Ẹ wo kàlẹ́ńdà Ìjọ kí ẹ tó kéde.

Fọ́tò màmá kì í lọ sórí pósí. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń rántí ìrìbọmi ló ń lọ síbẹ̀, àti ìwé Ìhìnrere tàbí Bíbélì tàbí àgbélébùú. Ẹ gbé fọ́tò sórí ìdúró ní ẹ̀gbẹ́, kó má bo àbẹ́là Àjíǹde mọ́lẹ̀.

Atẹ̀wé-Káàdì:
Káàdì: sẹ̀ǹtímítà 7 ní ìbú, 11 ní gígùn, kó lè wọ inú ìwé Mísà. Èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ á ká létí, wọ́n á sì jù ú nù. Fọ́tò ojú rẹ̀ kó jẹ́ 300 dpi (àmì 300 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan) ní ìwọ̀n tí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n gé láti inú àwòrán àpapọ̀ tí WhatsApp ti fún pọ̀ á di kúrúkúrú. Ẹ̀yìn rẹ̀: orúkọ, déètì ìbí, ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ikú, àdúrà kan, kí ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú "Fún un ní ìsinmi ayérayé, Olúwa". Ẹ má fi ìtàn ìgbésí ayé síbẹ̀. Kí ẹni méjì tí kò kọ ọ́ kà á, kí ọ̀kan nínú wọn kà á sókè, kí ìkejì di ìwé ìrìbọmi mú. Nọ́ńbà ni àṣìṣe ti ń sá pamọ́ sí, àwọn lẹ́tà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro.

Kátíkíìsì-Àgbà:
Ọ̀rọ̀ Mísà lẹ́yìn ìsìnkú ṣì kù, òun sì ni ohun tí Mónìkà bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ kọ́kọ́ fi Mísà ọdún kìíní sínú ìwé páríìṣì nísinsìnyí, torí àyè máa ń kún. Mísà Gregory jẹ́ ọgbọ̀n Mísà fún òkú kan ṣoṣo, ọjọ́ 30 léraléra. Fadá kan náà kò pọn dandan, àmọ́ Mísà gbọ́dọ̀ tò lé ara wọn. Páríìṣì tó ní Fadá kan ṣoṣo kì í sábà lè gbà á, torí Mísà tí àwọn ọmọ ìjọ yòókù ti bèèrè fún ń dúró dè é. Ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni ẹ ó ti bèèrè.

Láti ọjọ́ 1 sí 8 oṣù kọkànlá, ẹni tó bá lọ sí itẹ́ òkú tó sì gbàdúrà fún òkú, kódà nínú ọkàn, lè gba ìdáríjì ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ní kíkún fún ọkàn màmá, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, kó gba Kọmúníọ̀, kó gbàdúrà fún èrò Pópù, kó sì kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ lọ́kàn. Àwọn ọmọ márààrún lè pín ọjọ́ mẹ́jọ náà láàárín ara wọn.

Ṣé ó wà nínú ẹgbẹ́? Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Legion of Mary tó ń ṣe déédéé, ìwé ìlànà wọn ní kí praesidium rẹ̀, ìyẹn ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó wà, ṣe Mísà kan fún un láìpẹ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gba gbogbo àdúrà ẹgbẹ́ pẹ̀lú Rosárì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ sọ fún akọ̀wé wọn. Wọn lè máà tíì gbọ́.

Akọ̀wé-Ìdílé:
Ẹ ṣé gan-an. Ojú ewé mẹ́rin ti di ọ̀kan ààbọ̀. A ti yọ "ó ti ń bá áńgẹ́lì jó". Gbólóhùn bàbá ló ṣì ń dà wá láàmú: ó ní, "Òun ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀, àní nígbà tí ẹ̀bi bá jẹ́ tèmi." Ṣé ká fi í síbẹ̀rẹ̀ ni àbí sí ìparí?

Olóòtú-Ìwé:
Sí ìparí, kí ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ kankan lé e. Kí ẹni tó ń kà á tẹ ìwé pọ̀, kó ní "Ẹ bá wa gbàdúrà fún un", kó lọ jókòó.